Mo Ti Gbàgbọ́, Kí Ló Dé Tí Mi Ò Dàgbà? Ohun Tí Ẹ Lè Bẹ̀rẹ̀ Lọ́la

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn kíláàsì Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bi í ló yàtọ̀. Ọ̀kan á ní, "Mọ́mì, ọdún kẹfà rèé tí mo ti di àtúnbí, ìbínú mi kò dín." Òmíràn á ní òun kì í pa ìṣọ́ òru jẹ, òun wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n tó bá ti ku òun nìkan, Bíbélì kì í wọ òun lára. Ẹlòmíràn á kàn mirí pé, "Ojú kan náà ni mo wà."

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Kò sí àrà kankan níbẹ̀. Lójú tèmi, ìwàásù tí púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ pọ̀ jìnnà ju èyí tí a ti ṣe lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti há wa lọ́fun. Nítorí náà, orí nǹkan kan ni gbogbo ìgbésẹ̀ yìí dúró lé: ẹ gbọ́ ohun kékeré kan láàárọ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìkìlọ̀ kan kí a tó lọ. Kò sí èyí tó lè ra ìgbàlà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Éfésù 2:8–9 ti parí ọ̀rọ̀ yẹn: oore-ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí wọn kò tíì bí kò lè dàgbà. Tí ẹ kò bá tíì yí padà sí Kristi, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ná, kí ẹ tó padà wá síbí.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Bíbélì oníwèé, ní èdè tó ń wọ̀ yín lára. Tí Bíbélì àtijọ́ bá le jù nítorí àmì ohùn tí kò pé àti àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í lò mọ́, ẹ wá ti òde òní. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.
- Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan àti bírò.
- Ibì kan tí ẹ lè jókòó sí láìsí ariwo, ìbáà ṣe orí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná.
- Ẹnì kan tí yóò máa bi yín léèrè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa padà sórí èyí.

Mi ò fi fóònù sínú rẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo rí. Ìgbà kan wà tí fóònù ni mo fi ń ka Bíbélì. Mo ka ẹsẹ kan tán, iṣẹ́ WhatsApp wọlé, mo ní kí n kàn wo ẹni tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí ojú mi fi máa là, mo ti ń bá wọn yan àwọ̀ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí mi ò tiẹ̀ ní lọ. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ pa dátà rẹ̀ kí ẹ tó ṣí Bíbélì.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú àkókò tí apá yín ká

Ìṣẹ́jú 20 tó láti fi bẹ̀rẹ̀: 10 fún kíkà, 3 fún kíkọ, 7 fún àdúrà. Ẹni tó bá fi wákàtí méjì bẹ̀rẹ̀ nítorí iná ìsọjí ń jó lára rẹ̀ kì í sábà pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kéré débi pé ojú á tì yín láti pa á jẹ.

Ṣé àárọ̀ nìkan ló dára? Jésù jí nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ láti lọ gbàdúrà (Máàkù 1:35). Dáníẹ́lì ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ (Dáníẹ́lì 6:10). Kò sí òfin aago. Mo fẹ́ràn àárọ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì mú inú bí mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló gba bẹ́ẹ̀:

- Ẹni tó ń jáde láago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí gósúlóò Èkó: ẹ ka orí kan lálẹ́, kí ẹ kọ ẹsẹ kan sínú bébà, kí ẹ máa ronú lé e nínú ọkọ̀ láàárọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀, Bíbélì olóhùn ni kí ẹ gbọ́.
- Abiyamọ: ìgbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ sùn lọ́sàn-án ni tiyín. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀ ná.
- Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́: kí ẹ tó sùn lẹ́yìn iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá jí, torí ariwo ilé á ti bẹ̀rẹ̀.
- Ẹni tí kò lè kàwé: ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nínú ilé máa kà á sókè fún yín. Òun náà á jẹ níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kíkà lórí bẹ́ẹ̀dì. Oorun ni yóò ṣe àmín.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka Bíbélì kí ó lè bá yín wí

Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, ìtàn á dùn títí dé ìdajì Ẹ́kísódù. Tí wọ́n bá dé orí 25, tí ìwọ̀n àgọ́ àti aṣọ ìkélé bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á wọ́. Léfítíkù ló máa ń sin wọ́n. Kò sí aburú nínú Léfítíkù, mo máa tọ́ka sí i láìpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń tò ó fún kíláàsì mi nìyí: Máàkù (orí 16), Jákọ́bù (5), Fílípì (4), lẹ́yìn náà Jòhánù (21). Orí 46 ni gbogbo rẹ̀. Orí kan lójúmọ́, oṣù kan ààbọ̀ ti gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè padà sí Jẹ́nẹ́sísì. Ẹni tó bá fẹ́ ka Májẹ̀mú Tuntun tán láàárín ọdún kan, orí 260 ni: orí márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, ó pé géérégé, ẹ sì tún ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti fi dí ibi tí ẹ bá pa jẹ.

Bí ẹ ṣe máa kà á:

1. Ẹ gba àdúrà gbólóhùn kan. Èyí tó wà nínú Sáàmù 119:18 tó: kí Ọlọ́run là yín lójú.
2. Ẹ ka ibi tí ẹ fẹ́ kà lẹ́ẹ̀kan já, kí ètè yín máa mì.
3. Ẹ tún un kà jẹ́ẹ́jẹ́. Ibi tó bá gún yín, ẹ fa ìlà sí i.
4. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré sínú ìwé yín: *Kí ni mo rí nípa Ọlọ́run níbí? Kí ni ó ní kí n ṣe, tàbí kí n jáwọ́ nínú rẹ̀? Ta ni mo máa ṣe é fún lónìí, níbo, nígbà wo?*
5. Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Tí kò bá ní orúkọ ènìyàn, ibì kan tàbí wákàtí kan nínú, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ.

Ìlà kẹta yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kí n fi Jákọ́bù 1:19 ṣe àpẹẹrẹ, níbi tó ti ní kí á yára láti gbọ́, kí á lọ́ra láti sọ̀rọ̀, kí á sì lọ́ra láti bínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ ni: "Olúwa, ràn mí lọ́wọ́ kí n má bínú mọ́." Ó dùn ún gbọ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Arábìnrin kan nínú kíláàsì mi kọ tirẹ̀ báyìí: "Tí ọmọ mi bá dé láti iléèwé lónìí, tó ní òun tún ti sọ súwẹ́tà nù, mo máa jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí n tó la ẹnu." Ọ̀kan yẹn ṣeé wò lálẹ́ bóyá a ṣe é tàbí a kò ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Èkínní ni kí á di ojú, kí á ṣí Bíbélì gbàgà, kí á fi ìka gún ibì kan, kí á ní ohun tí Ọlọ́run sọ lónìí nìyẹn. Èkejì ni sísọ Sáàmù di oògùn: ẹni tó ń ka Sáàmù 35 lé aládùúgbò lórí lẹ́ẹ̀méje láàárín òru, tí kò sì tíì kí aládùúgbò ọ̀hún láti oṣù tó kọjá. Bíbélì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí kò tíì bá ẹnikẹ́ni wí rí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Àdúrà tí ọ̀rọ̀ kò ní tán nínú rẹ̀

Tí ọ̀rọ̀ bá máa ń tán lẹ́nu yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi Àdúrà Olúwa (Mátíù 6:9–13) ṣe egungun, kí ẹ máa fi ẹran sí i fúnra yín. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀lé ara wọn: orúkọ Ọlọ́run, ìjọba rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀, *lẹ́yìn náà* ni oúnjẹ òòjọ́ wá wọlé, lẹ́yìn oúnjẹ ni ìdáríjì, lẹ́yìn ìdáríjì ni ìdánwò àti ibi. Àwa a máa bẹ̀rẹ̀ láti oúnjẹ, a ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

1. Ẹ dúpẹ́ fún ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀ lánàá.
2. Ẹ bèèrè pé kí ìfẹ́ rẹ̀ ṣẹ nínú ohun tí ẹ kọ sí ìlà kẹta.
3. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ nílò, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Owó ilé ni owó ilé ń jẹ́.
4. Ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. "Dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí" rọrùn. "Mo parọ́ fún ọ̀gá mi lánàá" ló ń gúnni.
5. Ẹ gbàdúrà fún ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bí yín nínú.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní kíláàsì. A ti mọ "kú, kú, kú" lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n Mátíù 5:44 ṣì wà níbẹ̀: ẹ gbàdúrà *fún* àwọn tó ń ṣe inúnibíni sí yín. Tí ẹnu yín bá kọ̀ láti súre fún ẹni náà, ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ẹnu yín kọ̀. Ìyẹn náà, àdúrà ni.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé e lọ sọ́jà

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ti ń pa ìlẹ̀kùn dé.

Ẹ̀wà àti ìrẹsì ni mo ń tà. Kóńgò tí mo gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi lówò, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò tiẹ̀ kà á sí olè. Ọjọ́ kan, èmi ni mo máa kọ́ kíláàsì, Òwe 11:1 ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà: òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mo tún fi Léfítíkù 19:35–36 kún un. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe nawọ́, tó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Mọ́mì, àwọn tó ń lo kóńgò tó tẹ̀ ńkọ́?" Mi ò lè sùn lóru yẹn.

Mo ra kóńgò tuntun. Mo fi owó díẹ̀ lé ọjà, torí iye tí mo ń pè tẹ́lẹ̀ dúró lórí ìrẹ́jẹ. Àwọn oníbàárà kan lọ, wọn ò sì padà. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjọ́ tí ẹ bá ṣe òótọ́ ni ọjà máa tà.

Kóńgò tiyín lè má jẹ́ kóńgò. Ẹ wo inú àwọn wọ̀nyí:

- "Mo ti wà lójú ọ̀nà," tí ẹ ṣì ń wá bàtà.
- Téló tó gbà iṣẹ́ tó mọ̀ pé kò lè parí kí ọdún tó dé.
- Rìsíìtì tí ẹ ní kí wọ́n kọ iye tó ju èyí tí ẹ san lọ sí.
- Mẹkáníìkì tó yọ pátì tó dára, tó fi tòkúnbọ̀ sí i.
- Ṣéńjì tó lé, tí ẹ pè ní ìbùkún.
- Èsúsú tí ẹ kó tán, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn yòókù.
- Àwọn tó wà lókè òkun ńkọ́? Wákàtí iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ tí ẹ kò ṣe.

Ẹ mú *ọ̀kan* péré fún oṣù yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan á rẹ̀wẹ̀sì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

### Tí ó bá kan dídá nǹkan padà

1. Ẹ kọ èyí tí ẹ rántí sílẹ̀. Ẹ má fi oṣù mẹ́ta wa inú ara yín bí ẹni ń wa kànga.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó súnmọ́, tó sì ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí.
3. Ẹ mú owó tàbí nǹkan náà dání kí ẹ tó lọ. Ẹ̀bẹ̀ ọwọ́ òfìfo kò dára tí ẹ bá ní in.
4. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe láì lọ́ ọ: "Mo mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú owó yín." Ẹ má sọ pé, "Tí mo bá ti ṣẹ̀ yín lọ́nàkọnà."
5. Tí apá yín bá ká a, ẹ fi kún un. Òfin Númérì 5:7 fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Sákéù agbowó-orí fúnra rẹ̀ sọ ìlọ́po mẹ́rin (Lúùkù 19:8).
6. Tí onítọ̀hún bá ti kú, ẹ fún ìbátan rẹ̀ tó súnmọ́ ọn. Númérì 5:8 ti ro ìyẹn sílẹ̀. Ní tèmi, mi ò lè wá gbogbo ẹni tí mo ti wọn ẹ̀wà fún. Àwọn opó tó wà ní àdúgbò wa ni mo pín in fún, pẹ̀lú kóńgò tuntun.
7. Ẹ má fi dandan gba ìdáríjì. Tí ẹni náà bá bú yín, ẹ gbà á.

Ìkìlọ̀: Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í dá sọ. Àgbèrè, ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ, ohun tó lè mú ọlọ́pàá wọlé: ẹ má fi ìtara ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi sáré lọ tú u láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àgbà ìjọ kan tí ẹnu rẹ̀ ń pa mọ́, kí ẹ sì lọ bá lọ́yà tó bá kan òfin. Kì í ṣe láti bò ó mọ́lẹ̀ o. Kí ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ má baà fi ara gbá a ni.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìjà tí ẹ kò tíì parí

Mátíù 5:23–24 ní kí á fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí á lọ bá arákùnrin wa làjà ná. Tí ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, Mátíù 18:15–17 náà ní ẹ̀yin lẹ máa lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó máa retí.

1. Ẹ̀yin àti òun nìkan, lójúkojú. Tó bá jìnnà, ẹ pè é, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.
2. Tí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnì kan tàbí méjì dání, kí wọ́n jẹ́ ẹni tí *òun* náà gbọ́kàn lé.
3. Ìjọ ló gbẹ̀yìn.

Àṣìṣe: àwa a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹta, a ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ obìnrin gẹ́gẹ́ bí "ọ̀rọ̀ àdúrà", a ó sì fi èyí tó kù sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp.

Ẹni tí ọkọ tàbí ẹbí ń lù kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ Bíbélì wọ̀nyí dá nìkan padà sínú ewu. Ẹ kọ́kọ́ wà láàyè, kí ẹ wà níbi tó ní ààbò. Ìdáríjì lè ti wà nínú ọkàn kí ẹsẹ̀ tó padà dé ilé, ẹsẹ̀ sì lè má padà rárá.

## Tí ẹ bá ṣubú

Ẹ máa ṣubú. Ohun tó ń ya ẹni tó ń dàgbà sọ́tọ̀ ni bí ó ṣe ń yára dìde tó.

1. Ẹ pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe "iṣẹ́ Èṣù", kì í ṣe "wọ́n mú mi bínú".
2. Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. 1 Jòhánù 1:9 kò ní kí á dúró di ìsìn àìsùn ọdún tuntun.
3. Ẹ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tó bá ṣeé tún ṣe.
4. Ẹ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀: aago mélòó ni? Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ebi ń pa yín ni, àbí ó rẹ̀ yín? Ẹ dí ọ̀nà yẹn.
5. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan (Jákọ́bù 5:16). Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà ní ìkọ̀kọ̀ fẹ́ràn kí ẹ máa dá gbàdúrà lé e.

Tí ẹ bá pa ìwé kíkà jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ má sáré ka orí mẹ́rin lọ́jọ́ karùn-ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ọjọ́ náà.

## Ìjọ, àti ẹnì kan

Hébérù 10:25 ní kí á má kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìjọ wo ló dára jù; ọmọ Ánglíkà, ọmọ Bátíìsì, ọmọ Sẹ̀lẹ́ àti ọmọ Kérúbù ti jókòó nínú kíláàsì mi rí. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n wò kò pọ̀:

- Ṣé wọ́n ń ṣí Bíbélì, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀?
- Ṣé aṣáájú ṣeé bi ní ìbéèrè? Ṣé ẹnikẹ́ni ń yẹ owó ìjọ wò?
- Ṣé ẹnì kan máa mọ̀ tí ẹ kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?
- Ṣé ẹ̀rù ló so yín mọ́ ibẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀rù pé àjálù á dé tí ẹ bá kúrò, ẹ tún un rò.

Ẹnì kan tí mo sọ níṣàájú yẹn: kó jẹ́ ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, ẹni tí kò ní fi ọ̀rọ̀ yín ṣe ìwàásù. Ìbéèrè kan ni kó máa bi yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: "Ìlà kẹta mélòó lo ṣe?"

Ṣíṣiṣẹ́ nínú ìjọ dára, àmọ́ kì í ṣe ìdàgbàsókè. Mo mọ̀ ọ́n, torí mo ti gbá ilé Ọlọ́run fún ọdún méjì tí mi ò bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀.

## Ààwẹ̀ àti ọrẹ, ní kúkúrú

Ààwẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi àkókò oúnjẹ yẹn gbàdúrà. Ẹ ka Àìsáyà 58:6–7 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé oúnjẹ tí ẹ kò jẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Aboyún, abiyamọ, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́: ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná. Ẹ má fi ìgbàgbọ́ pa oògùn tì. Ẹ lè gbààwẹ̀ fóònù láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ máa rí i pé ó le ju ti iyán lọ.

Ọrẹ. 2 Kọ́ríńtì 9:7 ní kì í ṣe tipátipá. Ẹ má yá owó fi ṣe ọrẹ, ẹ má sì fi owó iléèwé ọmọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú gbohùngbohùn. Ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè ń gbọ́ àmín yín o.

## Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: ẹ yẹ ara yín wò

Ẹ má bi ara yín nìkan. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín gbé, ọmọdé ló dára jù, torí wọn kì í pọ́nni. Ẹ ṣí Gálátíà 5:22–23, èso mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, kí ẹ wá béèrè:

- Ṣé ohùn mi ti rẹlẹ̀ nínú ilé yìí?
- Ṣé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ má bínú" láìfi "ṣùgbọ́n" tì í?
- Ìgbà wo ni mo parọ́ kẹ́yìn, tí ẹ mọ̀?
- Tí nǹkan ẹlòmíràn bá dára, báwo ni ojú mi ṣe máa ń rí?

Ọmọ mi kejì dá mi lóhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ pé, "Ó dín ní Ọjọ́ Ìsinmi." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

- Ọjọ́ Ajé: Máàkù 1:1–20
- Ìṣẹ́gun: Máàkù 1:21–45
- Ọjọ́rú: Máàkù orí 2
- Ọjọ́bọ̀: Máàkù orí 3
- Ẹtì: Máàkù 4:1–20. Ẹ kọ irú ilẹ̀ tí ọkàn yín jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí nínú mẹ́rin tó wà níbẹ̀.
- Àbámẹ́ta: Máàkù 4:21–41. Ẹ dúró díẹ̀ ní ẹsẹ 26 sí 29, níbi tí àgbẹ̀ ti gbin irúgbìn, tó ń sùn, tó ń jí, tí ohun tó gbìn ń hù, tí kò mọ bó ṣe ń hù.
- Ọjọ́ Ìsinmi: Ẹ má ka orí tuntun. Ẹ ṣí ìwé ìkọ̀wé yín, kí ẹ fi bírò sàmì sí ìlà kẹta tí ẹ ṣe. Èyí tí ẹ kò ṣe, ẹ tún un kọ sí Ọjọ́ Ajé.